Àmì Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Owó

Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi ìpara pa ọwọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bo àga tí wọ́n ń hun lọ́wọ́. Láti kékeré ni ojú wọn ti fọ́, iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ló sì ń bọ́ wọn.

"Ìyá Olówó, ṣé ìwọ nìyẹn?" Bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, nítorí èmi ni mo máa ń ya àwòrán ara owó bébà.

"Èmi ni. Ẹ kú ilé. Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ó ti kú. Mo fọwọ́ pa owó tuntun yín títí, n kò rí àmì kankan. Okùn àga ló bà á jẹ́. Mo ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà."

Ọwọ́ wọn ni mo fi dán owó náà wò nígbà tí mo ń yà á: àwọn kókó kéékèèké létí bébà, kí afọ́jú lè mọ èyí tó kéré yàtọ̀ sí èyí tó pọ̀. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń sọ fún àwọn afọ́jú ẹlẹgbẹ́ wọn pé, "Àbúrò mi ti fi ojú wa sínú owó."

Ni ọ̀gá mi bá ní kí n yọ ọ́. "Owó bébà ń kógbá sílé. Fóònù ni gbogbo ayé máa fi náwó láìpẹ́. Ta ló fẹ́ máa fọwọ́ pa bébà?" Ó yẹ kí n bá a jà. Àmọ́ ilé iṣẹ́ wa fẹ́ fi mí ṣe igbákejì rẹ̀, ojú mi sì wọ ipò náà. Mo pa gbogbo kókó náà rẹ́, n kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìwà burúkú gbáà ni mo hù!

Mo tilẹ̀ la ẹnu láti sọ pé ọjọ́ orí ló fà á. Ni mo bá rí i tí wọ́n rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, bí ẹni tí ojú ń tì. Irọ́ náà kò jáde mọ́.

Bébà tí a fi dánwò nígbà yẹn ṣì wà nínú báàgì mi. Mo fi í sábẹ́ ìka wọn.

"Há! Ó wà ńbí! Ọ̀kan... èkejì rèé!"

"Ọwọ́ yín ò kú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo yọ àmì yẹn kúrò lára owó tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo rò pé wọ́n á bú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, omi sì ń bọ́ lójú wọn. "Ọwọ́ mi ò kú! Ọlọ́run, o ṣeun o!" Ó kúkú sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Lójijì, ẹ̀rín náà dá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá wọn.

"Dìde, ká lọ. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló rò pé ọwọ́ àwọn náà ti kú, wọ́n ń fi ìpara pa á, èmi ni mo sì júwe ìpara náà fún wọn. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ilé ẹlẹgbẹ́ mi tó ń hun súwẹ́tà la máa kọ́kọ́ yà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tiẹ̀ la máa kọ́kọ́ lọ?"

"Ó ta ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ lánàá."