Àkùkọ Tó Dé Pẹpẹ Lẹ́ẹ̀mejì

Yorùbá ní kíkí fún onídìrí, ó ní kíkí fún aláró, ó ní ti ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ àti ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun, ṣùgbọ́n kò rí ẹyọ kan fún Monínúọlá ju "pẹ̀lẹ́" lọ. Bó bá ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lẹ́bàá gọ́tà àdúgbò Òkè-Ìlá, pẹ̀lẹ́. Bó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí àlàyé tó ń ṣe fáwọn ọmọ láti òwúrọ̀, pẹ̀lẹ́. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ ni "ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Òun nìkan ni wọ́n ń kí bí ẹni tó ṣubú. Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ o, kò ṣubú.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, lọ́dún tí ilẹ̀gbóná jà ní Ìyìn-Èkìtì. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó kàwé dé yunifásítì ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìtàn ní ilé ìwé gírámà kan ní Adó. Ìwé tí à ń fi ìka kà ló fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá kọ ìdáhùn tán, olúkúlùkù á wá kà á sí i létí, Monínúọlá á sì fún un ní máàkì lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 1978, èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá dé, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀ tó fìdí rẹmi nínú Ìtàn. Ìlú gbọ́. Wọ́n ní, "Áà, Ọlọ́run tóbi o!" Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ń jí ní ìdájí láti múra iṣẹ́ sílẹ̀.

Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, wá sílé fúnra rẹ̀ láti bá a yọ̀.

"Arábìnrin," ó ní, "lọ́jọ́ Ìkórè, ìjọ fẹ́ dá yín lọ́lá. A ó pè yín síwájú."

Inú Monínúọlá dùn débi pé ó gbàgbé láti fún un lómi. "Ṣé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ni, sà?"

"Ẹ má ṣe ìyọnu kankan. A ti ṣètò ibi tí ẹ máa jókòó."

Kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í, ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í fetí sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ní ìjọ wọn, bí Ìkórè bá dé, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn: àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pè á gbé ìkórè rẹ̀, á jó láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ. Ọdọọdún ni Monínúọlá ń mú ìkórè wá, ọdọọdún náà ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ jókòó ní tiyín, a ó bá yín gbé e lọ." Kò tíì bá àwọn olùkọ́ jó dé pẹpẹ rí. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìyìn pé kó má ṣàì wá. Ó fẹ́ kí ìyá òun rí òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré.

Ó nídìí. Bí wọ́n bá bi Àyọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ léèrè ní Ìyìn pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, "Ó wà ní Adó" ni ìdáhùn. Kì í ṣe pé ó ń tijú ọmọ rẹ̀. Ohun tó gbà nínú ara rẹ̀ ni pé ìjọba ló ṣàánú ọmọ òun, tí wọ́n fún un ní àga kan nílé ìwé kó máa jókòó sí, kí ilé má baà sú u.

Ó dé ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé ẹrù kalẹ̀. "Kí ni wọ́n fẹ́ fún ọ níbẹ̀?"

"Ọlá ni, Màámi."

"A kì í fi ọlá sebẹ̀. Ṣé wọ́n á fi uṣu sí i?"

Monínúọlá rẹ́rìn-ín sí iṣu tí ìyá rẹ̀ ń retí. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìkórè rẹ̀ hàn án: àkùkọ ńlá kan tó fúnra rẹ̀ sìn, tó sì ń bú lójoojúmọ́. Àkùkọ náà kò mọ àsìkò rárá. Á dákẹ́ ní ìdájí tí wọ́n ń retí ohùn rẹ̀, á wá máa kọ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí tíṣà bá ń fi ìka kàwé lọ́wọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa ìró àdìrẹ kan tó ti gbó ya, ó fi dì í lẹ́sẹ̀, ó ta kókó méjì lé ara wọn bó ti máa ń ta á, wọ́n sì kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Olúyẹmí, olórí àwọn tó ń fi àyè han èèyàn, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba àkùkọ lọ́wọ́ Monínúọlá, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹ ọkà bàbà láàárọ̀, sà," ni Monínúọlá dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló tó yé e pé àkùkọ kọ́ ni bàbá ń béèrè. Bàbá Olúyẹmí tún bi ìyá pé, "Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn?" Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dáhùn, ó ti di Monínúọlá lápá mú, ó ń fà á lọ. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀lẹ́." Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ wá àyè lẹ́yìn.

Àga tí wọ́n fi í sí wà níwájú pátápátá. Òórùn róòbù ló kọ́kọ́ kí i. Ẹnì kan ń wúkọ́ lápá ọ̀tún, ẹnì kan ń gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ọkùnrin arúgbó tó jókòó tì í, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Táíwò, fi ẹnu sí i létí.

"Ìwọ tuntun ni, àbí? Yẹ tìẹ wò dáadáa kí o tó gbé e lọ ulé o. Uṣu tí wọ́n fún mi lọ́dún tó kọjá, inú rẹ̀ ti jẹrà."

"Ẹ̀yin náà gba ọlá lọ́dún tó kọjá ni, sà?"

"Ọlá bí i ti báwo? Uṣu ni mo sọ."

Orí Monínúọlá dàrú. Ó na etí. Ó gbọ́ ẹ̀rín Bámidélé, aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ẹ̀rín tí kò ṣeé ṣì mọ̀, lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kí ló dé tí àwọn olùkọ́ fi wà lọ́hùn-ún, tí òun wà níbí? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyàwó pàápàá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọn kì í fi í sáàárín èrò. Bóyá àwọn tí wọ́n ń dá lọ́lá pọ̀, tí Bàbá Táíwò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń wá àlàyé fún wọn, àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́ ní àlàyé.

Fíkà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará, kí a tó pe àwọn ẹgbẹ́, Bíbélì ní ká rántí àwọn aláìní. Lọ́dún yìí, ẹnì kan wà láàárín wọn tí a fẹ́ dá lọ́lá. Arábìnrin wa Monínúọlá rèé! Nínú òkùnkùn tó wà, ó kọ́ àwọn ọmọ wa, gbogbo wọn ló yege! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹ ṣàánú rẹ̀!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ní àkókò kan náà, àwọn obìnrin ń mí kanlẹ̀, "Ó mà ṣe o, ó mà ṣe o." Ìyìn àti ìkẹ́dùn dà pọ̀ mọ́ra wọn, Monínúọlá kò mọ èyí tí òun ì bá gbà nínú wọn. Ṣé kí òun rẹ́rìn-ín ni? Ṣé kí òun bẹ̀bẹ̀? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Bàbá Olúyẹmí gbé ohun kan lé e lọ́wọ́, ó ní, "Èyí tó sanra jù ni mo ṣà fún ọ." Ohun náà gbọn ìyẹ́.

Monínúọlá fọwọ́ wá ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Àdìrẹ. Kókó méjì tó lé ara wọn.

Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ohùn ìyá rẹ̀ ti ta sókè: "Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé gan-an! Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ọmọ mi rí o!" Ohùn yẹn ló dun Monínúọlá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó tún ń bẹ̀rù pé bóyá aláìmoore lòun, nítorí pé lóòótọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dárúkọ òun, wọ́n sọ pé àwọn ọmọ yege. Kí ló tún kù? Kò lè sọ ọ́. Ó kàn mọ̀ pé ohun tí wọ́n fún òun yìí, ti òun ni tẹ́lẹ̀.

Wọ́n pe àwọn àgbẹ̀, wọ́n pe àwọn oníṣòwò. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́!" Orin bẹ̀rẹ̀, bàtà ń lu ilẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rín Bámidélé dé ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, Monínúọlá gbá àkùkọ mọ́ àyà, ó bọ́ sáàárín wọn.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Bàbá Olúyẹmí sọ, "tìẹ ti tán."

"Olùkọ́ ni mí, sà."

Ó ń jó lọ. Ó tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ń jó lọ. Ó gbọ́ tí orin ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń rí i. Nígbà tó dé pẹpẹ, ó na àkùkọ síwájú. Kò sẹ́ni tó gbà á.

"Arábìnrin," ni Fíkà wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀bùn yín nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé."

"Àkùkọ mi ni, sà. Mo mú un wá láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹ fi ta mí lọ́rẹ gẹ́gẹ́ bí afọ́jú. Mo tún mú un wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ṣé ẹ kò ní gbà á lọ́wọ́ mi ni?"

Ibẹ̀ ni àkùkọ aláìmọ̀gbà ti na ọrùn, ó kọ kékéréè. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Monínúọlá kò mọ̀ bóyá àkùkọ ni wọ́n ń rín tàbí òun. Fíkà pàápàá ti dàrú. Ó sáré gba àkùkọ bí ẹni gba iná, ó ń wá ohun tó máa sọ.

"Ẹ... ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ohun tó rí sọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Monínúọlá sin ìyá rẹ̀ dé ibùdókọ̀ Fájuyì láti wọ ọkọ̀ Ìyìn. Lójú ọ̀nà, ọmọ náà rò pé òun ti dójú ti ìyá òun, ó sì ń wá bí òun ṣe máa tọrọ àforíjì ohun tí kò dun òun pé òun ṣe. Wọ́n dúró láàárín ariwo àwọn awakọ̀.

"Obìnrin kan jókòó tì mí," ni Àyọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójijì. "Nígbà tí mò ń dúpẹ́, ó ní kí ni mò ń dúpẹ́ fún. Ó ní ìkà ni ọ́."

"Ìkà kẹ̀, Màámi?"

"Ó ní ọmọ òun ka uṣẹ́ rẹ̀ sí ọ létí, o ní kó lọ tún un ṣe. Ó tún un ṣe, o ní kó tún lọ tún un ṣe. Ọmọ sunkún dé ulé. Ó ní bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀pá rẹ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ó ní ọmọ náà ti yege báyìí, ṣùgbọ́n òun kò tíì dárí jì ọ́."

"Ọmọ ta ni?"

"N kò bi í. Ẹnu ló ń yà mí." Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Láti ìgbà tí ilẹ̀gbóná ti mú ọ, mi ò rí ẹni tó bínú sí ọ rí. Àánú rẹ ló ń ṣe gbogbo ayé. Ṣé òótọ́ ni ohun tó wí?"

"Òótọ́ ni, Màámi. Ọ̀lẹ ni ọmọ náà."

Àyọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Monínúọlá kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọkọ̀ dé, ìyá wọlé. Obìnrin ará Ìyìn kan ti wà nínú ọkọ̀, ó yọjú.

"Àyọ̀kẹ́, ọmọ rẹ tó wà ní Adó nìyí? Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́."

"Kí lo ń bá a kẹ́dùn fún?" ni Àyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Tíṣà ni. Bí o bá ní ọmọ tó ya ọ̀lẹ, má mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Awakọ̀ ti ń tan ẹ́ńjìnnì. Ìyá yọrí láti ojú fèrèsé.

"Monínúọlá! Kú uṣẹ́ o!"

Monínúọlá la ẹnu. Ìdáhùn pẹ̀lẹ́ ti wà létè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò nílò ìrònú. Ti èyí wá ńkọ́? Ọmọdé tó ń ru omi mọ ohun tí wọ́n ń fi dáhùn kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun tó mọ ogun tí àwọn bàbá ńlá jà, ó wá a tì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Ó ti ń dún lọ́ọ̀ọ́kán lójú ọ̀nà Ìyìn kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Òo!" ni ó ké, ó sì tún ké e, "Òo!"

Ọkùnrin kan tó ń kọjá rò pé ó ti sọnù. Ó dì í lápá mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kí n mú yín sọdá?"

"Rárá, ẹ ṣé," ni Monínúọlá wí, ó sì rọra yọ apá rẹ̀. "Ìyá mi ló kí mi. Òun ni mò ń dá lóhùn."