Omi Gbígbóná Ẹ̀yìn Kọ́ńpìnnì Pépà

Ẹ wò ó, ẹni tó bá rí Sàfúrátù láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, á yà fún un lọ́nà ni. Alágbàfọ̀ ni, ará Ìwó, ẹ̀yìn kọ́ńpìnnì tó ń ṣe pépà ní Ìsọlọ̀ ló sì ti ń pọnmi. Páìpù kan wà lára ògiri níbẹ̀. Ooru tí wọ́n fi ń mú pépà gbẹ nínú lọ́hùn-ún, tó bá ṣiṣẹ́ tán, á di omi, páìpù á dà á sí gọ́tà, ó gbóná janjan, ó mọ́ gaara. Òun ló fi ń fọ kákí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, torí gírísì kì í gbọ́ ti omi tútù. Kò ra igi ìdáná rí.

Ó gbé báàfù débẹ̀, páìpù ti gbẹ, wọ́n ti fi irin dí ẹnu ẹ̀.

Ògúnjìmí, tó ń dáná sí bọ́ílà tó ń se omi di ooru, tí òun àti Sàfúrátù jọ ń gbélé ní Òkè-Àfá, yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Ṣàmsú, ẹ má bínú. A ti dá omi yẹn padà sínú bọ́ílà. Omi tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ kì í jẹ dísẹ̀lì púpọ̀ kó tó hó."

"Dísẹ̀lì? Gbogbo ayé ní epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, ẹ wá ń ṣahun omi gọ́tà?"

"Orí rédíò nìyẹn ti ń ṣàn. Ẹ ò rí ìlà mọ́tò nílé epo Òṣòdì? Táńkà wa ò dé láti ìjẹta. Ẹnjiníà ní ká má da ooru nù mọ́."

"Àná lo jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ mi. O ò lè sọ?"

"Ẹ̀bà yẹn dùn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Sàfúrátù gbé báàfù ẹ̀. Ó padà sílé, ó di gbogbo aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n kó fún un ní Sátidé, ó rù ú, lọ́rì ń fọn fèrè mọ́ ọn, kò yà. Ẹnu géètì kọ́ńpìnnì ló da gbogbo ẹ̀ sí, lójú àwọn tó ń wọṣẹ́ ọ̀sán. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun Ọládòṣù, ẹnjiníà wọn, ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

"Màmá, kí lèyí?" ni Ọládòṣù wí.

"Ẹ ti gba omi yín padà. Ẹ gba ìdọ̀tí yín náà."

Ògúnjìmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ṣòkòtò ẹ̀ láàárín òkìtì.

"Ìyá Ṣàmsú, kí ni kí n wá wọ̀ lọ́la?"

"Wọ pépà."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn onígi ìdáná, ó ń ṣépè lábẹ́nú.