Ẹ̀rí Tí Olúfúnṣọ́ Jẹ́

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló rán Olúfúnṣọ́ ní ẹ̀rí jíjẹ́? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló gba maikí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Asese, ó ní Ọlọ́run ti wo Jésùlayọ̀mi, ọmọ òun, sàn kúrò nínú àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò o! Bí wọ́n ṣe délé, ó kó gbogbo oògùn abẹ́rẹ́ ọmọ dà sí ṣáláńgá. Ó ní ẹni tó bá jẹ́rìí tán tó tún ń gba abẹ́rẹ́ ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́.

Inú Morádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló gbé e dúró! Morádéyọ̀ ra ìgò oògùn kan, ó fi pamọ́ sáàárín mínírà tó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mowe. Ọjọ́ méjì péré ló rí i gún fún un. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ fúnra rẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Mọ́mì, Dádì ní tí mo bá gbà á, àìsàn á padà, ẹ̀bi mi ni.”

“Ẹ̀bi ta ni? Mú ọwọ́ wá jàre!”

Ọmọ bú sẹ́kún, ó lọ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Olúfúnṣọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ tẹ ìgò náà fọ́.

Fúráídè, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń mí gúlegúle. Olúfúnṣọ́ dí ẹnu ọ̀nà, ó ní àdúrà ló kù.

“Yàgò fún mi, ọkùnrin yìí!” Morádéyọ̀ tì í ṣubú. Ó pọn ọmọ, ó gun ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́ tán nígbà tí ọmọ lajú. Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì pé mo gbà á.”

Kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Olúfúnṣọ́ sáré dé, ó wó lulẹ̀, ó ń ké pe Jésù. Àwọn èèyàn ń tù ú. Morádéyọ̀ ò tù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ ohun tí ọmọ sọ fún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ dí etí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Morádéyọ̀ fa ọwọ́ náà kúrò, ó tún un sọ.