Ìyàwó Méjì Lọ Wo Àwọn Ilé Aksel

Àpò ìrìn àjò Aksel Thorsager ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ikú mú un lọ. Ayàwòrán-ilé ni, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ ní ìlú Aarhus, ní Denmark. Òun àti Bodil ìyàwó rẹ̀ ti fi àdéhùn sí i pé bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn yóò lọ wo àwọn ilé ìgbà èwe rẹ̀: èyí tó kọ́ fúnra rẹ̀, àti èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Denmark àti Sweden gbà pé ilé tó rẹwà, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ olówó nìkan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bodil kò tú àpò náà. Ó ń gbálẹ̀ yí i ká ni. Kò lè dá rin ìrìn náà, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní kó má wa mọ́tò mọ́. Ó ti gba kámú kí fóònù tó dún lọ́jọ́ kan.

"Bodil, èmi ni."

"Ta ló ń jẹ́ èmi?" Bodil mọ ohùn náà dáadáa.

"Ìyáálé rẹ ni. Mo gbọ́ pé ẹrù ọkọ wa ṣì wà nílẹ̀."

Vibeke ni. Òun ni Aksel kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ kí Bodil tó mọ ọkùnrin náà rárá, nítorí náà kò sẹ́ni tó gba ọkọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Síbẹ̀, níbi ọjọ́ ìbí àti níbi òkú, tí ọ̀kan bá jókòó lápá ọ̀tún, èkejì a wá àyè lápá òsì.

"Ta ló sọ fún yín?" Bodil bi í.

"Ta ni kò sọ fún mi? Gbọ́, mo ní mọ́tò, ojú mi sì ń ríran. Ṣé ká lọ?"

"Èmi pẹ̀lú yín?"

"Àbí kí n bá àpò nìkan lọ ni?"

Bodil ní rárá, ó gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe Vibeke padà.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé nìyẹn. Vibeke ga fíofío, ó gbẹ bí igi ọ̀pá àsíá. Bodil kúrú, ó sì rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìhà àríwá Aarhus ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí, bíríkì aláwọ̀ ìyeyè, tí Aksel wà lára àwọn tó yàwòrán rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Aṣọ́lé kan jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ohun tí Bodil rí ni pé àwọn fèrèsé náà sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, débi pé ọmọ tó jókòó lè rí oko ọkà títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti kan ilẹ̀.

Vibeke fi ọwọ́ kan ojú fèrèsé kan. "Mo rántí ọjọ́ tó yàwòrán èyí," ó ní. "Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa, ó ń fi eékún rìn kiri. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ọdún méje ń rí. Mo ní, 'Àgbàlagbà, dìde, àlejò ń bọ̀.'"

Ó rẹ́rìn-ín. Bodil kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún pé Aksel tó ń fi eékún rìn yẹn, òun kò bá a pàdé.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Frederikshavn, èbúté kan ní Denmark, kọjá sí Sweden. Òkun pa rọ́rọ́, àwọ̀ eérú ló ní. Vibeke ra bíà fún ara rẹ̀ àti kọfí fún Bodil. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wo omi títí, Bodil béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ fi fi í sílẹ̀?"

"Ìbéèrè yìí mà pẹ́ lọ́nà o." Vibeke nu ìfòfó ẹnu rẹ̀. "Àga ló máa ń rí kó tó rí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀. Bí mo bá jókòó kí n simi, á ní kí n dìde díẹ̀, ẹ̀yìn mi bo ibi tó rẹwà lára àga."

"Aksel mi kò rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi ò sọ̀rọ̀ Aksel tìẹ. Aksel tèmi ni mò ń sọ. Tìẹ ti dàgbà, ó ti gbọ́n. Èmi ni mo lo èyí tí kò tíì gbó."

Bodil yí ojú sí òkun. Ó ń rò ó pé bóyá kò yẹ kí òun bá obìnrin yìí wá.

Ilé Märta Lindeskog ni wọ́n ń lọ, ní etíkun Bohuslän, níbi tí àpáta ti gba gbogbo ilẹ̀. Olùkọ́ ni Märta nígbà tí Aksel kọ́ ilé náà fún un, ilé àkọ́kọ́ tó dá kọ́ láìsí ọ̀gá lórí rẹ̀. Ó ti di arúgbó tó lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bíi ti ẹni tó ti fi ogójì ọdún bá ọmọ aláriwo wí. Èdè Sweden ló ń sọ, èdè Denmark ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń gbọ́ ti ará Èkìtì: wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé," Märta ní. "Èwo nínú yín ni opó?"

"Èmi ni," Bodil dáhùn.

"Èmi náà ni," Vibeke ní, "àmọ́ tèmi ti pẹ́."

Ilé náà kò ga. Ó ba sáàárín àpáta bí ẹyẹ tó sàba, pákó ara rẹ̀ ti dúdú nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ ni ẹwà wà. Ògiri ìhà òkun, díńgí ni látòkè délẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń na ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ onípákó bí ológbò. Bodil dúró láàárín pálọ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló mọ̀: bí fìtílà ṣe rọ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì, bí wọ́n ṣe fi awọ hun ìjókòó àga. Ṣe ló dà bí ẹni tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nígbà tí ohùn náà ṣì jẹ́ ti ọmọdé.

Märta ti se ọ̀dùnkún, ó sì gbé ẹja tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan jáde. Ó ku búrẹ́dì dúdú tí wọn kò tíì gé. Bodil ní kí Märta jókòó, kí òun bá a gé e. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé búrẹ́dì lé pẹpẹ tí wọ́n ń gé oúnjẹ lórí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ó gé ẹyọ kan. Ó gé èkejì. Ó wá dúró.

Apá kò dùn ún.

Ó ní láti wo ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó yé e. Pẹpẹ náà wà ní ìbàdí rẹ̀ gẹ́lẹ́, èjìká rẹ̀ wà nílẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Nílé tirẹ̀ ní Aarhus, ilé tí Aksel kọ́ fún àwọn méjèèjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí àwọn èèyàn ń ti Japan wá ya fọ́tò, pẹpẹ ìdáná tó jẹ́ igi tíìkì dé àyà rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, Aksel dúró tì í nígbà tó ń gé àlùbọ́sà, ó ní, "Ó dára àbí kò dára?" Bodil ní, "Ó rẹwà." Àpótí pákó kan ló rà, orí rẹ̀ ló ń gùn dáná. Bí Aksel tàbí àlejò bá ń bọ̀, á ti àpótí náà sẹ́yìn ìgbálẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìpara tí kò fi pa èjìká rẹ̀ tán. Kò sọ ohun kan fún Aksel, nítorí ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé gíga Vibeke ni ọkùnrin náà fi wọn ilé àwọn, kò sì fẹ́ pe orúkọ obìnrin yẹn nínú ilé ìdáná rẹ̀.

"Màmá Märta," ó pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ta ló ṣe pẹpẹ yìí?"

"Aksel náà ni," Märta dáhùn láti ìdí tábìlì. "Àmọ́ ó ga tẹ́lẹ̀ o, ó ga bí àga ìwàásù! Ọjọ́ tó wá ya fọ́tò ilé ni mo sọ fún un. Mo ní, 'Ọ̀gbẹ́ni Thorsager, ṣé ẹṣin ni yóò máa dáná níbí ni?'"

"Kí ló wá sọ?"

"Ojú tì í. Ó ní kí n dúró síbẹ̀ kí òun wò ó. Bó ṣe bọ́ kóòtù nìyẹn, ó lọ yá ayùn lọ́wọ́ apẹja kan nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó gé gbogbo ẹsẹ̀ pẹpẹ náà. Bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò tilẹ̀ gé e dọ́gba. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí. Ó ní àwọn èèyàn kì í sọ fún òun, wọ́n kàn máa ń ní ó rẹwà."

Bodil bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ wá ojú ibi tí ayùn gbà. Ó rí i, ó rí wúruwùru. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó la ilẹ̀kùn díńgí, ó sì jáde sórí àpáta.

Vibeke jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e. Ó bá a níbi tó jókòó sí, ẹ̀yìn sí ilé, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ìkérora, nítorí eékún rẹ̀ kò fẹ́ràn ilẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni Bodil sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, látorí pẹpẹ dórí àpótí ẹ̀yìn ìgbálẹ̀.

"Gíga yín ni," Bodil ní. "Gíga yín ni mo fi gbogbo ayé mi dáná."

"Ó ṣeé ṣe," Vibeke ní. "Ó wọ̀n mí lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n fara ti ògiri, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìgbọ̀nwọ́ mi. Inú mi dùn, mo rò pé eré ìfẹ́ ni. Bó ṣe sàmì tán, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè wò mí mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bodil, kì í ṣe pé ó ń rántí mi. Ìwọ̀n yẹn ló mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó yí i padà."

"Märta sọ fún un."

"Märta sọ fún un."

"Ìyẹn, ká ní mo sọ..."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èjìká ló ń pa Bodil lẹ́kún lórí àpáta yẹn. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ti fi ọkọ rẹ̀ ṣe ẹni tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀, tí ọkùnrin náà sì kú láìmọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òun jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ó sunkún gidi. Vibeke kò dì í mọ́ra, wọn kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́ súẹ́tà rẹ̀, ó jù ú lé e léjìká.

"Èmi ní tèmi, mo sọ," ó ní. "Mo sọ láàárọ̀, mo sọ lálẹ́. Mo fọ́ àwo. Wá wo àwa méjèèjì lórí àpáta kan náà."

Wọ́n sùn sílé Märta. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi etíkun sílẹ̀, wọ́n lọ sí ilé ìsìn kékeré kan láàárín ibojì, nínú igbó igi páìnì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdágbére fún òkú. Ọ̀gá tó kọ́ Aksel níṣẹ́ ló kọ́ ọ, òun sì ni Aksel fẹ́ràn ju gbogbo ilé tó kù lọ. Bíríkì lásán ni, kò sí wúrà, kò sí ère. Ìmọ́lẹ̀ kan ń gba òkè wọlé láti ibi tí ojú kò lè tètè rí, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ibi tí wọ́n máa ń gbé pósí sí. Kò sí òkú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Vibeke wò yíká, ó mi orí, ó ní òun máa dúró sídìí mọ́tò.

Bodil jókòó sórí àga gígùn tó wà níwájú. Ohùn tí èèyàn fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló fi sọ̀rọ̀.

"Aksel, pẹpẹ yẹn ga jù. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ga jù. Apá ń dùn mí. Ó yẹ kí n sọ fún ọ. Ò bá ti gé e. Mo mọ̀ báyìí pé ò bá ti gé e. Má bínú."

Ìmọ́lẹ̀ náà sún díẹ̀ lórí bíríkì bí ìkùukùu ṣe ń kọjá lóde. Bodil jókòó síbẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀, ó nu ojú, ó sì jáde.

Vibeke ti ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Wọ́n wọ mọ́tò, Vibeke ṣáná sí i, wọ́n já sí títì, àwọn igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ẹ rọra sáré," Bodil ní. "Àyà mi ń já láti Aarhus."

"Láti Aarhus? O ò wá sọ?"

"Mo ti wá sọ ọ́ báyìí."

Vibeke wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ó sì dín eré kù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ó yà wọ́n sílẹ̀, ó sáré lọ. Ilé ìkàwé kan ṣì kù tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àmọ́ kò jọ pé wọ́n máa bá a ní ṣíṣí mọ́. Vibeke ní kò burú, ilé kì í sá lọ, ọ̀la náà wà níbẹ̀.