Ta Ló Ń Jí Irin Inú Gíà?

Òrùka idẹ kan ló kọ́kọ́ sọnù. Dùnmínínú wá a lábẹ́ tábìlì, ó wá a nínú agolo tí wọ́n ń kó nọ́ọ̀tì sí, ó tún gbọn ẹní tí wọ́n tú gíà lé lórí. Kò rí i.

"Bóyá ó yí wọ gọ́tà," ni Tàófíìkì, mẹkáníìkì tó ń bá a ṣiṣẹ́, wí. Kò gbójú sókè. Àìgbójúsókè yẹn gan-an ló kọ Dùnmínínú lóminú.

Píjó 504 ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe. Bàbá Dùnmínínú, Olùkọ́ Ajíbádé, ló rà á nígbà tó ṣì ń kọ́ni nílé ìwé. Ó ti pẹ́ tó ti dákú sínú gàréèjì ilé wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀, tí adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí ìyá kú, tí ilé ku bàbá nìkan, Dùnmínínú tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó níhìn-ín pinnu pé òun yóò sọ ọkọ̀ náà jí. Kò fẹ́ kí wọ́n fà á lọ síbì kankan. Inú ilé ni kí wọ́n ti ṣe é, lójú òun. Ó bẹ Tàófíìkì, ọmọ Ìkìrun kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìgèdè, Sátidé-Sátidé sì ni àwọn méjèèjì ń pàdé.

Ẹ́ńjìnnì kò fún wọn ní wàhálà. Wọ́n fi ṣéènì gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti gbó. Nídìí gíà ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Àwọn òrùka idẹ tó ń jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́ kò sí lọ́jà mọ́, àfi kéèyàn rí i lára ọkọ̀ àlòkù.

Nígbà tí bíárìn kan tún dàwátì, Dùnmínínú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Tàófíìkì. Ó kíyè sí i pé tí fóònù rẹ̀ bá dún, ẹ̀yìn géètì ló ń lọ gbé e, ohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Ó kíyè sí i pé báàgì tó ń gbé wá kì í jìnnà sí i. Ó rántí pé àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́mù máa ń lé idẹ kiri. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń bu oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ní Sátidé tí òrùka méjì sọnù pọ̀, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Tàófíìkì, ṣí báàgì rẹ kí n rí i."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó gbé báàgì náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Sípánà, búrẹ́dì, aṣọ ìdọ̀tí, ẹní ìkírun. Kò sí idẹ níbẹ̀.

"Ó tẹ́ yín lọ́rùn, Àǹtí?"

"Irin kò lẹ́sẹ̀," ni Dùnmínínú dáhùn.

"Ẹ wá ẹlòmíràn." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ bàbá tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Bàbá rí ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀. Ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara.

Dùnmínínú dá iṣẹ́ náà ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó ti ra bíárìn tuntun ní Àkúrẹ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọlé lọ gún iyán fún bàbá. Nígbà tó padà, bíárìn kò sí níbẹ̀. Géètì wà ní títì. Àtọ́kẹ́, obìnrin tó háyà yàrá iwájú, ti lọ sí Ọ̀fà láti àárọ̀. Ta ló kù?

Ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí bàbá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tú ilé. Inú kúlà ńlá tí ìyá rẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ ìnáwó ló ti rí gbogbo irin tó sọnù, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́. Wọ́n fi gèlè ìyá rẹ̀ dì wọ́n. Ẹnì kan ti fi ọ́ìlì pa wọ́n lára kí wọ́n má bàa dípẹtà.

Bàbá dé tòun ti Bíbélì lábẹ́ abíyá, ó bá àwọn irin náà lórí tábìlì oúnjẹ.

"Bàámi, ẹ̀yin ni?"

Ó jókòó jẹ́jẹ́. "Èmi ni."

"Ẹ jókòó ẹ ń wò mí, mo ń tú báàgì ọmọ ọlọ́mọ!"

"Mo rí i. Ẹnu mi ló wúwo." Ó gbé Bíbélì kalẹ̀. "Ìyá rẹ kú, ẹ sin ín, kálukú yín bá tirẹ̀ lọ. Ulé yìí pa rọ́rọ́. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí ni mo tún ń gbúròó ènìyàn. Bó bá parí, kí lo fẹ́ wá ṣe níbí?"

Inú ń bí Dùnmínínú, ojú sì ń tì í. Ilé tirẹ̀ kò jìnnà rárá. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ dìde. Ìgèdè là ń lọ."

Tàófíìkì ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n dé. Bàbá ṣí fìlà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

"Ẹ dé fìlà yín, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Tàófíìkì wí. Nígbà tí Dùnmínínú bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá ló dá lóhùn. "Màá parí iṣẹ́ yín, Bàbá. Ọjọ́rú ni màá máa wá, nígbà tí Àǹtí bá wà ní ọ́fíìsì."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí Dùnmínínú bá dé ní Sátidé, á bá iṣẹ́ ní ṣíṣe, á bá ife tíì méjì nínú báàsìnì tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Tó bá bi bàbá léèrè ohun tí wọ́n jọ sọ, á ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Nígbà mìíràn Dùnmínínú á rí i pé òun tún ń ka nọ́ọ̀tì inú agolo, á yára bò ó.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, fóònù Dùnmínínú dún ní ọ́fíìsì. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló gbọ́, ohùn bàbá sì ń ké lórí rẹ̀: "Ṣé o ń gbọ́ ọ?" Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fetí sí i títí fóònù fi já.

Sátidé pé, kò sí iṣẹ́ kankan mọ́. Bó ṣe yọ sí àdúgbò, ó rí bàbá lẹ́nu géètì, ó ti múra, ó ń wo ọ̀nà bí ẹni tí kò gbà pé ẹnì kan ń bọ̀. Wọ́n gbé Píjó, wọ́n forí lé Ìgbemọ láti lọ ra ìrẹsì.

Ní ojú ọ̀nà, gíà kẹta ń kùn díẹ̀.

"Kò kùn bẹ́ẹ̀ létí mi lórí fóònù," ni Dùnmínínú wí. Ó wo bàbá láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Tàófíìkì á wò ó lọ́jọ́ Ọjọ́rú," ni bàbá dáhùn, ó sì yí ojú sí fèrèsé.