Ta Ló Ń Mu Sìgá?

Télọ̀ kì í mu sìgá nínú ilé. Ojú fèrèsé ló ti ń mu ún. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò yọ orí síta bí adìyẹ inú àgò, yóò fà á, yóò tú èéfín sójú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ yóò sì rọra gbé gbogbo rẹ̀ padà wọlé fún ìyàwó rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó yìí ni ọ̀gá ohùn nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, kò lè parí ẹsẹ orin kan kí ikọ́ má já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Olùdarí akọrin ti fi ìfẹ́ sọ fún un pé bí ikọ́ náà ò bá lọ, ẹlòmíràn ni yóò dá orin ọjọ́ ìdúpẹ́ kọ. Ìyàwó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Télọ̀, ẹni tó jẹ́ pé ohùn yẹn ló fà á wọnú ìgbéyàwó, kò lè fara dà á. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà, obìnrin kékeré kan tó lè jẹ́ àbúrò wọn, fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ìyàwó náà títí, ó sì gbóòórùn aṣọ rẹ̀.

"Mà, ẹ ń mu sìgá."

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Télọ̀ dìde fùú. "Áà! Abájọ! Abájọ tí páálí sìgá mi fi ń yára tán! Ìyá ọmọ mi, ìwọ ni?"

"Baba ọmọ mi, ṣé ara yín yá báyìí? Ẹ fojú inú wò mí nínú aṣọ akọrin, pẹ̀lú sìgá lẹ́nu!"

"Mò ń wò ó! Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn!"

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. "Sà, ẹ jókòó. Sìgá yín ni wọ́n ń mu lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jí i. Ẹ̀yin lẹ ń bù ú fún wọn. Èéfín tí ẹ tú jáde, àti èyí tó ń rú lórí ìka yín, àwọn ló ń mí in sínú. Májèlé inú rẹ̀ ò béèrè ẹni tó ra sìgá. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń ba ọkàn jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ fún ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí."

"Ojú fèrèsé ni mo ti ń mu ún, dókítà."

"Sà, ta ló sọ fún èéfín pé kò gbọ́dọ̀ padà?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lólè. Ojú tì í.

Lójú ọ̀nà ilé, ó rọra ní, "Tí mo bá ń mu ún ní balùwẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ máa mu ún. Èmi á máa fi wẹ̀."

"Lórí àtẹ̀gùn?"

"Kí àwọn ará òkè máa bá yín mu ún?"

Nígbà tí wọ́n délé, ó fọ́ páálí sìgá náà túútúú sáàárín àjákù aṣọ, ó sì bẹ Ọlọ́run kó ran òun lọ́wọ́.

Kò rọrùn o. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń wá sìgá, ẹfun tó fi ń sàmì sí aṣọ ló ń kì bọ̀ ọ́. Oníbàárà kan tó wá wọ ṣòkòtò wò ta gìrì.

"Télọ̀! Ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹfun báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ, ó sì gbé orin ìdúpẹ́ náà. Ó ń gòkè bọ̀ níbi gígùn tí ikọ́ ti máa ń lúgọ dè é. Ẹsẹ̀ Télọ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ẹfun kán sí méjì lẹ́nu rẹ̀. Ohùn náà gòkè, ó tún gòkè, ó kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí "Àmín" láìyingin.

Ìyàwó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ tó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Baba ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ ò mí?"

Télọ̀ tú èémí jáde, lẹ́búlẹ́bú ẹfun bo ṣòkòtò oníbàárà tó ń rán.

"Mò ń fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ẹ ni."