Géètì Tí Wẹ́dà Jó Pa

Bí ẹ bá rí géètì kan lókè gọ́tà, níbi tí àwọn olówó kọ́lé sí, Wẹ́dà ló ṣe é, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ní àṣírí iṣẹ́ kan: kì í jó píìnì ìsàlẹ̀ tí géètì fi ń yí pa, kó lè rọrùn fún un láti tú géètì tó bá fẹ́ tún un kùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bá a di irin mú láti kékeré, nìkan ló tún mọ̀.

Àbúrò yìí ló kó èèyàn bí ogún wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ilé àbúrò náà ti jóná kanlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí kò sómi tí wọ́n lè fi pa iná. Omi ẹ̀rọ tí Káńsẹ́lọ̀ àdúgbò ṣèlérí ò dé ìsàlẹ̀ gọ́tà, níbi tí àwọn ń gbé, láti ọdún mẹ́ta, àwọn tòkè sì ń fi fọ mọ́tò. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ wọn.

“Bọ̀dá mi, ẹ bá wa yọ píìnì géètì Káńsẹ́lọ̀. Kóun náà mọ bí iná ṣe ń jóni.”

Inú ń bí Wẹ́dà náà, ká má parọ́. Ó ti mú sípánà kó tó béèrè pé, “Ta ló ra epo?”

“Ọ̀gá tó bá Káńsẹ́lọ̀ du ipò, tó fìdí rẹmi,” ni àbúrò rẹ̀ wí.

“Èmi ni mo ṣe géètì tiẹ̀ náà. Òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.”

Wẹ́dà gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ní kí wọ́n fi epo sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí iná wẹ́dà àti epo kì í jọ rìn. Wọ́n tẹ̀ lé e tayọ̀tayọ̀, wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ yọ píìnì náà ni. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì Káńsẹ́lọ̀, ó kúnlẹ̀, ó jó píìnì náà pa níṣojú wọn.

“Èmi gan-an ò lè yọ ọ́ mọ́,” ló wí. “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún apààyàn. Géètì ṣì ń yí; Káńsẹ́lọ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i látinú. Ẹ jókòó.”

Àbúrò rẹ̀ wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ó pẹ́ kó tó jókòó tì í. Àwọn tó kù náà jókòó, wọ́n dí ọ̀nà pa, mọ́tò Káńsẹ́lọ̀ ò lè jáde.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí géètì tó ṣí. Káńsẹ́lọ̀ dúró níbẹ̀, òógùn bò ó, ó ní kí wọ́n wọlé wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Àbúrò Wẹ́dà ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé irin géètì náà bó ṣe ń kọjá.

“Omi la fẹ́,” ló sọ fún Káńsẹ́lọ̀. “Bọ̀dá mi ló ṣe géètì yìí.”